Arẹwà Ẹ̀yìn Òkè

Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Ọ̀wàrà

Arẹwà ti tanná. Mo rí i láàárọ̀ yìí láti ojú fèrèsé ilé ìdáná — gbogbo etí odò, láti ìdí afárá títí dé ibi tí ojú mi ò ríran mọ́, yẹ́lò, yẹ́lò, yẹ́lò. Àwọn arìnrìn-àjò á tún máa dúró létí títì láti ya fọ́tò. Ẹ yà á dáadáa. Ẹ bá mi gbé e lọ sílé yín.

Igi ìgbálẹ̀ lorúkọ tí gbogbo ayé ń pè é. Àwọn baba ńlá wa ló gbé e wá láti Skọ́tílándì, torí wọ́n fẹ́ ohun tí yóò máa rán wọn létí ilé. Ó ń rán wa létí lóòótọ́. Struan ọkọ mi ló sọ ọ́ ní Arẹwà. Ó ní òun ò tíì rí obìnrin tó lẹ́wà tó báyẹn, tó sì burú tó báyẹn. Mo ní kó ṣọ́ ẹnu ẹ̀.

Àmọ́ Òkè wa mọ́. Mo gbójú kúrò lára odò, mo wò ó: koríko lásán, àwọ̀ ilẹ̀, kò sí ẹ̀kán yẹ́lò kankan lára ẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún la fi ṣe é. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Bélú, nígbà tí òdòdó Arẹwà kò lè fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tí èso rẹ̀ kò sì tíì gbó, a máa ń tò láti ẹsẹ̀ Òkè, èmi, Struan, Euan ọmọ wa, àti aládùúgbò tó bá lójú àánú. Kálukú pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, a ó jọ máa gòkè lọ ní ẹsẹ̀ kan náà. Ẹni tó bá rí yẹ́lò á pariwo, "Ó wà níbí!" Gbogbo wa á dúró títí yóò fi hú u. Ìtò la ń pè é. Kò sẹ́ni tó tún ní irú Òkè wa ní gbogbo àfonífojì yìí. Torí hóró Arẹwà tó bá bọ́ sílẹ̀ kì í kú, inú ilẹ̀ ló máa lọ sùn sí, ó sì lè sùn títí ẹni tó jẹ́ kó bọ́ yóò fi kú tán.

Orí Òkè leérú Struan wà láti ìgbà tó ti kú tí a sì sun ún, lábẹ́ òkìtì òkúta tí Euan kó jọ. Ọdún karùn-ún rèé. Mi ò tíì débẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ṣubú nílé ìrẹ́run àgùntàn. Ìgbà ìrúwé mẹ́ta, iṣẹ́ abẹ méjì lórí ìbàdí kan ṣoṣo. Euan ló ń dá ṣe Ìtò. Ó ní ẹyọ kan péré lòun rí lọ́dún tó kọjá. Lọ́dún yìí, mò ń bọ̀. Mo ti sọ fún un: Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù Bélú.

Ó ní, "A ó rí i, Màmá." Mo kórìíra "a ó rí i" yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 5

Ìjì gbígbóná láti ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ìbàdí. Mi ò ṣe nǹkan kan.

Àbámẹ́ta, 7

Ọkọ́ Struan kò sí nínú ṣẹ́ẹ̀dì irinṣẹ́. Ìṣó tí a máa ń fi kọ́ ọ wà níbẹ̀, òun ò sí. Ọkọ́ yẹn kì í ṣe ti ọjà. Alágbẹ̀dẹ kan ló rọ ọ́ fún un nígbà tí Euan ṣì ń rákòrò. Ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń wọ àárín òkúta bí ìka. Mo fẹ́ fi òróró pa igi rẹ̀ lára sílẹ̀ de Ìtò ni.

Mo bi Euan. Ó ń mu tíì lọ́wọ́, ó gbé tíì náà sílẹ̀. Ó ní bóyá òun gbé e síbì kan. Mo ní ibo? Ó ní ibì kan náà ni. Etí rẹ̀ pọ́n. Láti kékeré ni etí Euan ti máa ń pọ́n bó bá ń purọ́, gbogbo èèyàn ló mọ̀, àfi òun. Mo rò pé ó ti sọ ọ́ nù ni.

Mo ní kó gbé mi gòkè lọ́la kí n lọ kí bàbá ẹ̀. Ó ní kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ òun kò dáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àgùntàn ló ń bímọ. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn, òjò.

Ìṣẹ́gun, 10

Olóyin tún gbé tirẹ̀ dé.

Des Kerrigan ni Olóyin. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí bí ìyàwó la ti jọ jẹ́ aládùúgbò, ilẹ̀ rẹ̀ ló bá ẹ̀yìn Òkè wa pààlà. Àpótí oyin rẹ̀ wà létí odò lórí ilẹ̀ Bain, aládùúgbò wa kejì, ní àárín Arẹwà gan-an, torí òdòdó Arẹwà lóúnjẹ oyin rẹ̀ nígbà ìrúwé, láti Ọ̀wàrà títí dé Bélú. Nígbà tí ìjọba fẹ́ tú kòkòrò kan sílẹ̀ níbí lọ́jọ́sí, kòkòrò kékeré tí ojú lásán ò rí, tó máa ń jẹ́ kí Arẹwà so kókó káàkiri ara títí á fi gbẹ, Kerrigan ló dìde ní gbọ̀ngàn àdúgbò. Ó ní bí Arẹwà bá kú, ebi á pa oyin òun. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ rẹ̀ yẹn sọ ọ́, wọ́n sì gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n gbé kòkòrò náà lọ sí àfonífojì míì. Láti ọjọ́ yẹn, ìkíni àárín èmi àtiẹ̀ ò ju kí n mi orí. Struan ń bá a mu bíà lẹ́yìn mi. Mo mọ̀.

Nírọ̀lẹ́ òní ni ọkọ̀ funfun rẹ̀ gba géètì wa kọjá. Géètì wa! Ó yí gba ẹ̀yìn Òkè, níbi tí mi ò lè rí láti ilé. Oòrùn ti fẹ́ẹ̀ wọ̀ tán kó tó jáde. Mo pe Euan.

"Màmá, ọ̀wọ́ oyin rẹ̀ kan ló sá jáde nínú àpótí, ó ń wá a ni."

"Fún gbogbo ìrọ̀lẹ́?"

"Oyin ò mọ aago, Màmá."

Ọmọ yìí ń fi mí ṣeré. Mo mọ ohun tí Olóyin ń wá. Ó fẹ́ kó àpótí sí ẹ̀yìn Òkè mi. Lẹ́yìn àpótí, Arẹwà ló máa tẹ̀ lé e.

Ẹtì, 13

Oúnjẹ alẹ́ ìrúwé ní gbọ̀ngàn. Kálukú gbé àwo tirẹ̀ wá. Èmi gbé páì ẹlẹ́yin.

Bí mo ṣe ń gba àárín àwọn ọkọ̀ kọjá, mo yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀ Kerrigan. Mi ò lè ṣàlàyé ìdí tí mo fi yọjú. Ọkọ́ Struan wà níbẹ̀, láàárín ìbọ̀wọ́ àti agolo èéfín tó fi ń lé oyin.

Mi ò tíì gbé páì sílẹ̀ tí mo fi ní, "Kerrigan, kí ni ọkọ́ ọkọ mi ń ṣe nínú ọkọ̀ rẹ?"

Ìyàwó Bain gbé kọ́ọ̀bù tíì dé ẹnu, kò lè mu ún.

"Mo yá a ni, Una."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

Ó ń wo ẹ̀yìn mi. Mo bojú wẹ̀yìn, Euan ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àga lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń wo bàtà ara ẹ̀. Kerrigan ní, "Ó dáa. Mo mú un. Màá dá a padà."

"Olè là ń pe ìyẹn níhìn-ín."

"Pè é bó o ṣe fẹ́."

Ni mo bá tú gbogbo ẹ̀ jáde. Mo ní Arẹwà ni màlúù rẹ̀, òun ló ń sìn ín. Mo ní òun ló lé kòkòrò tó yẹ kó gbà wá lọ. Mo ní ní báyìí ó ti ń yọ́ wọ ilẹ̀ opó nírọ̀lẹ́ láti wá gbin ìyà síbẹ̀. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Bain ní ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe irọ́. Kerrigan dé fìlà rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Páì yẹn á tutù, Una," ó sì jáde. Kò tilẹ̀ gbé ọkọ́ náà sílẹ̀! Ó gbé e lọ lójú gbogbo wa.

Inú mi dùn. Kí n má purọ́ fún ìwé ara mi, inú mi dùn gan-an. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pàtẹ́wọ́ fún mi.

Àbámẹ́ta, 14

Mo pe Bain lórí fóònù. Mo ní bí ilẹ̀ rẹ̀ bá ń bọ́ ọkùnrin yẹn, kó má tún bá mi ráhùn nípa etí odò mọ́. Ó ní òun á ronú sí i, pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tóun ti ń rò ó láti fi ilẹ̀ náà ṣe nǹkan míì. Mo ní, "Kí lo wá ń rò sí?"

Mo tún pe àwọn tó ń mójú tó igi burúkú ní ọ́fíìsì ìjọba. Mo ní kí wọ́n wá wo ààlà èmi àti Olóyin, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Arẹwà yóò ti wá bó bá dé ọ̀dọ̀ mi. Ọmọbìnrin kan ní ẹnìkan á wá kí oṣù tó parí. Mo ti sọ ẹni náà ní Wolé-wolé kí n tó rí i.

Ọjọ́rú, 18

Ìyàwó wa wá, Bronwyn, ìyàwó Euan. Ó gbé bísíkíìtì alátalẹ̀ wá nínú agolo. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ lábẹ́ bísíkíìtì náà.

Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Des sílẹ̀."

Mo ní, "Des? Ìgbà wo ló di Des?"

"Ẹ ò mọ gbogbo ohun tó ń ṣe."

"Kí ló ń ṣe?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Ẹ bi Euan."

"Mo bi Euan, Euan ní kí n lọ bi oyin."

Ó bú sẹ́kún. Mi ò fẹ́ràn ẹkún nílé ìdáná. Mo ní àwọn èèyàn tirẹ̀ ń gbin àjàrà ní ìlú òkè, wọn ò mọ ohun tí igi kan lè fi ojú ilẹ̀ rí, kó fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà le ju bí mo ṣe fẹ́ kó le lọ, ṣùgbọ́n mi ò kó o padà. Ó nu ojú, ó gbé agolo rẹ̀, ó lọ. Bísíkíìtì méjì ló kù sínú àwo. Mo jẹ wọ́n.

Àìkú, 22

Wọn ò wá jẹun ọ̀sán. Odindi ẹsẹ̀ àgùntàn kan, èmi nìkan.

Ọjọ́bọ̀, 26

Bain ti ní kí Kerrigan kó àpótí rẹ̀ kúrò! Ó pè mí fúnra ẹ̀ láti sọ fún mi. Mo fọ abọ́ òní pẹ̀lú orin. Fọ́tò Struan wà lórí pẹpẹ, ó ń wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo bá ti borí nínú àríyànjiyàn. Mo ní, má wò mí bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún mi lọ.

Ìṣẹ́gun, 31

Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Wolé-wolé dé láàárọ̀. Miriama lorúkọ rẹ̀, obìnrin ńlá pẹ̀lú bàtà ńlá, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan. Mo fi tíì lọ̀ ọ́, ó ní, "Iṣẹ́ ná, Màmá." Ó gbé mi sínú ọkọ̀ rẹ̀, a gba ẹ̀yìn Òkè. Ìgbà ìrúwé mẹ́ta rèé tí mo rí ẹ̀yìn Òkè mi kẹ́yìn. Mo ti tún ọ̀rọ̀ tí màá sọ ṣe sẹ́nu.

Ààlà Kerrigan la kọ́kọ́ dé. Ó mọ́. Níhà tirẹ̀, níhà tiwa, ó mọ́ tónítóní. Kùkùté Arẹwà wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ti gé e sún mọ́lẹ̀, wọ́n sì ti fi oògùn kun ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó má bàa hù padà. Miriama sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ kan ọ̀kan. "Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí? Ẹni náà mọṣẹ́."

Mo ní ọmọ mi ni. Mo tilẹ̀ fi yangàn.

Lẹ́yìn náà la yí igun.

Ọ̀nà tuntun ló wà níbẹ̀. Ẹrẹ̀ àti kòtò ni mo fi sílẹ̀, ọ̀nà gbọọrọ ni mo bá, òkúta wẹ́wẹ́ tó dán, ó ń yí gòkè lọ títí dé orí. Ní apá ọ̀tún ọ̀nà náà, Arẹwà. Ní apá òsì, Arẹwà. Ní àárín, níbi tí táyà kì í tẹ̀, Arẹwà kéékèèké. Àwọn tó ga ti tanná. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń gòkè lọ ní ẹsẹ̀ kan náà. Ìtò ni wọ́n ń ṣe.

Miriama pa ọkọ̀. Ó bu òkúta ọ̀nà náà sọ́wọ́, ó jẹ́ kó máa dà bọ́ láàárín ìka rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Òkúta odò nìyí, Màmá. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa kó òkúta odò yẹn tẹ́ ò ní kó hóró mọ́ ọn. Kì í ṣe ti aládùúgbò yín rárá. Ọ̀nà yìí ló gbé e gòkè. Ta ló da òkúta síbí?"

Ẹnìkan ṣoṣo ló ní típà nínú ìdílé wa.

Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí kùkùté tó wà láàárín àwọn tó ń tanná, ọ̀pọ̀lọpọ̀ kùkùté, àwọn míì ti dúdú. Ó ní, "Àwọn kan ti ń bá a jà níbí tipẹ́. Bí kì í bá ṣe wọn ni, ẹ̀yìn òkè yìí ì bá ti lọ pátápátá."

Mo ní kó yí ọkọ̀ padà. Mo fún un ní tíì. Ó jẹ páì, ó ń sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 1 oṣù Bélú

Fóònù dún títí. Mi ò gbé e.

Ọjọ́bọ̀, 2

Euan wá. Kò wọlé, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó ń tú okùn bàtà, ó ń so ó padà. Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àárín ọ̀rọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ti ń sọ ọ́ láti ilé bọ̀.

Nígbà tí wọ́n tún ìbàdí mi ṣe lẹ́ẹ̀kejì ni, tí mo wà lọ́sibítù. Dókítà ní kí ọkọ̀ má ṣe máa jù mí sókè jù mí sílẹ̀ mọ́. Euan ronú pé báwo ni màá ṣe máa lọ sọ́dọ̀ bàbá òun. Ó fẹ́ kí ọ̀nà náà jẹ́ ìyàlẹ́nu fún mi nígbà tí mo bá dé.

"Odò ló sún mọ́ jù, Màmá."

"O mọ ohun tó wà nínú odò."

"Mo kó o láti àárín gbùngbùn, níbi tómi ń gbà kọjá. Mo rò pé omi á ti fọ̀ ọ́ mọ́."

Omi ló ń gbé hóró kiri. Ọmọ tí mo ń mú rin Òkè yìí láti ìgbà tó ti tó ọkọ́ gbé ni kò mọ ìyẹn.

Kerrigan ló kọ́kọ́ rí i. Lóòótọ́ ni oyin rẹ̀ sá jáde lọ́jọ́ kan, lọ́dún tó kọjá, ó tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìn Òkè, ó rí ewé kéékèèké tó ń yọ láàárín òkúta. Ọ̀dọ̀ Euan ló lọ. Ó ní, "Jẹ́ ká hú u kí ìyá ẹ tó gbọ́." Láti ìgbà yẹn, nírọ̀lẹ́-nírọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì. Ọkọ́ Struan nìkan ló ń wọ àárín òkúta yẹn, ìdí nìyẹn tó fi wà lọ́wọ́ Kerrigan. Oyin Kerrigan ń jẹ Arẹwà, Kerrigan ń bá mi hú Arẹwà.

Mo ní, "Ní gbọ̀ngàn. O dúró sẹ́yìn mi. Kí ló dé tó ò lanu?"

"Mo fẹ́ lanu. Des mi orí sí mi pé kí n má sọ̀rọ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀?"

Ó ní, "Ẹ̀rù yín ń bà mí, Màmá."

Ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún. Ẹni tó ń wọ inú igbó lọ fi ọ̀bẹ pa ìmàdò. Ojú tì mí débi pé ara mi gbóná, àmọ́ inú tó ń bí mi ju ìtìjú náà lọ, ìbínú náà ló sì kọ́kọ́ dé ẹnu. Mo ní, "Dìde kúrò lórí àtẹ̀gùn mi." Ó dìde.

Lẹ́yìn tó lọ tán, mo ń wá ibi tí màá ti jàre. Mo rí ibì kan. Oyin ló ń ṣí òdòdó Arẹwà kó tó lè so, oyin Kerrigan náà wà nínú àwọn tó jẹ́ kó so létí odò. Òótọ́ ni. Mo di òótọ́ kékeré yẹn mú látàárọ̀. Kò gbé mi ró.

Àbámẹ́ta, 4

Ìtò. Àwa mẹ́ta, èmi, Euan àti Ìyàwó wa, pẹ̀lú ìyàwó Bain. Mo fi ọ̀pá rìn, mo fi ọwọ́ kejì mú àdá. Kerrigan kò wá. Ta ni yóò pè é?

Kò sẹ́ni tó pariwo "Ó wà níbí." Ibo ni kò sí? Ariwo àdá nìkan, àti Euan tó ń rù ú lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ìyàwó wa gé e ju gbogbo wa lọ. Ọwọ́ rẹ̀ bó, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rí i nígbà tó ń mu omi. Mo ní kó wá kí n fi nǹkan dì í fún un. Ó na ọwọ́, ó ń wo ibòmíràn. Mo ní, "O mọ iṣẹ́ yìí." Ó ní, "Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń kọ́ ọ, Màmá." Àṣé òun náà. Òun náà ń bá wọn wá nírọ̀lẹ́.

A ò tíì dé ìdajì nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Euan ní kí n wọ ọkọ̀, ó gbé mi lọ sórí Òkè.

Yíká òkìtì Struan, ilẹ̀ mọ́. Wọ́n ro ó yíká, ó fẹ̀ tó ilẹ̀ ilé ìrẹ́run, etí rẹ̀ gún bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Ẹyọ Arẹwà kan kò sí níbẹ̀, èyí tó ga, èyí tó kéré. Mo wo Euan.

Ó ní, "Des ni. Ibí ló kọ́kọ́ máa ń ro kó tó kan ibòmíràn. Ó ní Struan ò gbọdọ̀ sùn sábẹ́ yẹ́lò."

Mo jókòó ti òkìtì náà. Mi ò bá Struan sọ̀rọ̀. Nígbà tí à ń padà bọ̀ ni mo ṣàkíyèsí i pé ọ̀nà náà dán lóòótọ́. Ìbàdí mi ò dùn mí rárá.

Àìkú, 5

Mo pe Bain láàárọ̀ kùtù. Mo ní mo ti ṣìwí, kó jẹ́ kí Kerrigan dúró. Ó wúkọ́. Ó ti fi ilẹ̀ náà fún ilé-iṣẹ́ oyin ńlá kan láti ìlú, wọ́n ti bọwọ́. Àpótí tiwọn á pọ̀ ju ti Kerrigan lọ fíìfíì.

Mo ní, "Oyin ni wàá tún kó síbẹ̀?"

Ó ní, "Ìwọ lo bi mí pé kí ni mò ń rò sí, Una."

Mo ní kí Ìyàwó wa gbé mi lọ sí ilé Kerrigan. A bá a ní ojúde, àpótí oyin ti kún ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ti da nẹ́ẹ̀tì bò wọ́n, ó ń di okùn. Ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan ní òdìkejì àwọn òkè ńlá ló ń kó wọn lọ, ní etí òkun. Ó dàgbà jù mí lọ.

"Kerrigan, mo wá bẹ̀ ọ́."

"Mo gbọ́."

"Mi ò mọ̀ ni."

"O ò fẹ́ mọ̀ ni, Una." Ó fa okùn, ó ta kókó. Kò bínú. Ì bá dáa kó bínú.

Mo ní màá sọ ọ́ ní gbọ̀ngàn lójú gbogbo wọn.

"Sọ ọ́. Àmọ́ mi ò ní sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ."

"Kí ló dé tó o fi ń ṣe é? Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn?"

"Torí Struan. Àti torí ọmọ yẹn. Àbí o rò pé torí tìẹ ni?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, òun nìkan. Ó wọ iwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé ọkọ́ Struan jáde, ó nà án sí mi. Ẹnu rẹ̀ ń dán. "Mo pọ́n ọn. Igi rẹ̀ fẹ́ là lápá òsì, fi nǹkan dì í."

Kò sọ pé òun dárí jì mí. Ì bá wù mí kí n kọ ọ́ síbí pé ó sọ ọ́.

Ẹtì, 17

Gbọ̀ngàn. Mo sọ ọ́. Mo dúró, mo ní Kerrigan kò jalè, mo ní ọ̀nà wa ló gbé Arẹwà gòkè, mo ní Kerrigan ló ń bá wa hú u. Mo jókòó. Ìyàwó Bain ní ṣé kóun bu páì fún mi.

Mi ò dárúkọ Euan. Òun fúnra ẹ̀ ló dìde, tó ní, "Èmi ni mo da òkúta náà." Etí rẹ̀ kò pọ́n.

Ọjọ́rú, 22

Àpótí ilé-iṣẹ́ náà dé etí odò, funfun gbòò. Àwọn tó kó o wá ò kí ẹnikẹ́ni.

Ìṣẹ́gun, 28

Òdòdó ti ń rẹ̀ dànù. Èso rẹ̀ ti yọ, àwọ̀ ewé ló ṣì ní, ó pẹlẹbẹ. Bó bá dúdú tán tí oòrùn sì mú, á máa bẹ́ tá-tá-tá káàkiri, á ju hóró síbi tó bá wù ú. À ń sáré ṣe é kó tó dìgbà yẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń gòkè. Euan á gbé mi, á gbé àga kan sílẹ̀ fún mi, mi ò jókòó lórí ẹ̀. Mo fi aṣọ di igi ọkọ́ náà lápá òsì. A ò ní parí ẹ̀ lọ́dún yìí. Èmi ò ní parí ẹ̀ rárá, ọjọ́ orí tó kù fún mi kò tó, hóró tó wà lábẹ́ òkúta yẹn á ṣì máa yọ nígbà tí èmi náà bá ti wà lábẹ́ òkìtì.

Ní ọ̀sán òní, mò ń bó ànàmọ́ lọ́wọ́, Euan wọlé pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ń wo ojú mi, bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run kó tó sá aṣọ. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bẹ́ẹ̀. Òní ni mo kọ́kọ́ rí i.

"Màmá," ó ní. "Ó ti dé iwájú Òkè. Ẹyọ kan. Lókè ilé ìrẹ́run. Ó ti so."

Iwájú Òkè. Ibi tí mo máa ń wò láràárọ̀ láti ojú fèrèsé yìí. Ọgbọ̀n ọdún. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ ti kó ara wọn jọ sí mi lẹ́nu, èyí tó mú jù ló wà níwájú. Euan dúró, ó ń retí wọn. Kò sá. Ó gbé ìròyìn náà wá bá mi fúnra ẹ̀, lójú ọ̀sán, kò dúró de ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ míì.

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo ní, "Níbo gan-an?"

Ó gbé bàtà mi wá. Mo mú ọkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, a jọ jáde.